Wọn ò dárúkọ mi lọ́jọ́ ìkórè: ṣé ọrẹ mi ti ṣòfò?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Àtakúnmọ́sà, nílùú Iléṣà níhìn-ín, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀:

"Ẹ káàsán sà. Inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà láti ìgbà ọmọge. Kí ìkórè ọdún yìí tó dé, mo ra àga rọ́bà 100 fún ìjọ wa, torí ìta làwọn èèyàn máa ń dúró sí tí èrò bá ti pọ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n ka orúkọ gbogbo ẹni tó ṣe nǹkan, wọn ò ka tèmi. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé obìnrin mìíràn ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àga, wọ́n ní kó jó bọ̀ níwájú, ó sì jó lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Láti ìgbà náà, mi ò lọ sí ìdánrawò orin mọ́. Ọmọ mi obìnrin wá bi mí pé, 'Mọ́mì, ṣé torí Ọlọ́run lẹ ṣe rà á ni àbí torí èèyàn?' Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ṣé ọrẹ mi ti ṣòfò nìyẹn? Ṣé kí n lọ bá pásítọ̀ kí wọ́n tún un ṣe, àbí kí n dákẹ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ lọ́jọ́ iwájú pé Ọlọ́run ni mò ń ṣe é fún?"

Ẹ ṣeun, ìyá mi, tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí lára yín, tí ẹ ò pọ́n ọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì nílùú yìí, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń ṣe yín yìí ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó sórí àga yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin kàn lẹ là á lẹ́nu ni.

Kí n tó dé ibi tó le, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: ìjọ jẹ yín ní ọpẹ́. Àwọn kan á ní Kristẹni tòótọ́ kì í retí ọpẹ́, pé kí ẹ gbé e mì. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, torí Olúwa wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Lúùkù orí 17, ó wo adẹ́tẹ̀ 10 sàn, ẹyọ kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà sì ni. Jésù bèèrè pé àwọn 9 yòókù dà? Ó rí i pé wọn ò wá, ó sì sọ ọ́ síta. Pọ́ọ̀lù náà, nígbà tó ń parí lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù, orúkọ èèyàn ló ń kà lọ ràì ní orí 16. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí Fébè, ó sọ pé obìnrin yìí ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ títí kan òun alára. Nígbà tó ń dá Ẹpafíródítù padà sílé sí Fílípì, ó ní kí wọ́n fi ayọ̀ gbà á, kí wọ́n sì máa bu ọlá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa náà kò fọ̀rọ̀ yìí ṣeré: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n tún ní yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe míì. Nítorí náà, bó ṣe dùn yín lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dá yín lẹ́bi.

Ìdánrawò orin ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé.

Àga ni wọ́n gbàgbé láti dúpẹ́ lé lórí. Kò sẹ́ni tó ní ohùn yín ò dára, kò sẹ́ni tó lé yín kúrò láàárín akọrin. Síbẹ̀, orin tí ẹ ti ń kọ sí Ọlọ́run láti ìgbà ọmọge ni ẹ gbé kúrò nílẹ̀, nítorí pé ẹni tó di máìkì mú fo orúkọ kan nínú ìwé. Ẹ fara balẹ̀ wo ibẹ̀ dáadáa. Ó jọ pé okùn kan ti wà lára iṣẹ́ ìsìn yín tipẹ́ tí ẹ̀yin alára ò mọ̀, ọwọ́ àwọn èèyàn sì ni wọ́n ti ń fà á. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń kí yín pé ẹ kú iṣẹ́, okùn náà ò le, ẹ ò sì lè mọ̀ pé ó wà. Ọjọ́ tí wọ́n ò kí yín ló fà le, tí ẹ sì dúró. Òwe Sólómọ́nì orí 29, ẹsẹ 25 ní ìbẹ̀rù ènìyàn a máa mú ìdẹkùn wá. Púpọ̀ nínú wa rò pé ìbẹ̀rù ọ̀tá ni ó ń wí. Ìbẹ̀rù pé àwọn ará wa nínú ìjọ lè má kà wá sí náà wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì lálẹ́ òní, láti ìparí orí 4 wọ orí 5. Orí 5 làwọn oníwàásù fẹ́ràn, torí ẹ̀rù tó wà níbẹ̀, àmọ́ ìparí orí 4 lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Léfì kan wà tó jẹ́ ará Kípírù, Jósẹ́fù lorúkọ rẹ̀. Ó ta ilẹ̀ rẹ̀, ó kó owó náà wá síbi ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì. Àwọn àpọ́sítélì ló fún un lórúkọ tuntun, Bánábà. Gbogbo ìjọ mọ ohun tó ṣe, Lúùkù sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí kò fi ṣe é ní kọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ananíà àti Sáfírà ìyàwó rẹ̀ ta ilẹ̀ tiwọn. Wọ́n yọ nínú owó náà pa mọ́, wọ́n gbé ìyókù wá bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, àwọn méjèèjì sì tipa bẹ́ẹ̀ kú. Ẹ gbọ́ ohun tí Pétérù bi Ananíà: kí o tó tà á, ṣé tìẹ kọ́ ni? Nígbà tí o tà á tán, ṣé owó rẹ̀ ò sí níkàáwọ́ rẹ? Tó bá jẹ́ pé wọ́n mú ìdajì wá tí wọ́n ní ìdajì ni, kò sẹ́ni tí ì bá bi wọ́n ní nǹkan kan. Ká ní wọn ò tiẹ̀ mú kọ́bọ̀ wá, wọn ì bá wà láàyè. Orúkọ tí Bánábà gbà ló wù wọ́n, wọn ò fẹ́ san iye tí Bánábà san. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n tà, ibi ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n kó owó sí. Ẹni tí kò bá mọ ọkàn ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí máìkì kan náà.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ti Bánábà kì í ṣe torí orúkọ? Ọjọ́ tó mú owó wá ò lè sọ fún wa. Ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́. Nínú orí 11, òun ló lọ wá Pọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní Sọ́ọ̀lù nígbà yẹn, rí ní Tásù, tó mú un wá sí Áńtíókù láti jọ ṣiṣẹ́. Ní orí 13, ẹsẹ 2 àti 7, "Bánábà àti Sọ́ọ̀lù" ni wọ́n ń pè wọ́n. Bánábà ló ṣáájú. Nígbà tí ẹ bá máa fi dé ẹsẹ 43 nínú orí kan náà, ó ti di "Pọ́ọ̀lù àti Bánábà". Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà wọnú iṣẹ́ ti bọ́ síwájú rẹ̀. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ṣìkejì, Bánábà ò sì tìtorí ìyẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń wàásù lọ láti Písídíà dé Íkóníónì dé Lísírà.

Ìyá mi, ẹ ti ṣe apá kìíní nínú ti Bánábà: ẹ mú ọrẹ wá. Ibi tí wọ́n ti gbé orúkọ sẹ́yìn lẹ dé yìí, kò sì sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ kọjá fún yín.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ìbéèrè yín àkọ́kọ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Mátíù orí 6, ẹsẹ 1 sí 4. Jésù ò kàn sọ pé àwọn tó ń fun fèrè níwájú ara wọn tí wọ́n bá fẹ́ ṣàánú kò ní rí èrè lọ́dọ̀ Baba. Ó ní wọ́n ti gba èrè wọn. Wọ́n fẹ́ kéèyàn rí wọn, èèyàn rí wọn, ó tán. Ẹ gbé tiyín yẹ̀ wò pẹ̀lú èyí. Bó bá jẹ́ pé torí èèyàn lẹ ṣe ra àga, èèyàn ò san nǹkan kan fún yín. Bó bá jẹ́ torí Ọlọ́run, Ọlọ́run rí i. Bó bá sì jẹ́ pé méjèèjì ló pọ̀ mọ́ra, tí mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, torí bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wa, a jẹ́ pé ti èèyàn ló bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ti Ọlọ́run ò kúrò níbi tó wà. Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ẹ̀yin ò fi ọrẹ yín pa mọ́. Ẹni tó ń ka orúkọ ló bá yín fi í pa mọ́, láìmọ̀. Ọrẹ yín ò ṣòfò. Àwọn tó máa ń dúró sínú oòrùn rí ibi jókòó, Baba tí ń ríran ní ìkọ̀kọ̀ sì mọ ẹni tó ra àga.

Ohun kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́ dòfò, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ yẹra fún un: kí ẹ wá máa gba ìyìn náà díẹ̀díẹ̀ báyìí. Kí ẹ máa ròyìn rẹ̀ fún oníbàárà lórí ìsọ̀, kí ẹ máa pe àwọn akọrin ẹgbẹ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan pé "èmi ni mo ra àga yẹn o, ẹ wo ohun tí wọ́n fojú mi rí", kí wọ́n máa ṣe yín pẹ̀lẹ́, kí pẹ̀lẹ́ wọn máa dùn mọ́ yín. Ìkáàánú àwọn èèyàn náà jẹ́ ìyìn. Ó sì rọrùn láti gbà ju tàwọn tó ń jó níwájú lọ, torí èèyàn á tún rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ẹ ṣì gbà mí láyè kí n bá àwọn àlùfáà sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí mo mọ̀ pé wọn á ka èyí. Gbogbo wa la mọ bí ọjọ́ ìkórè ṣe ń rí nílùú yìí. Alága ọjọ́ wọlé tòun ti ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó bá a wá láti Èkó, aṣọ kan náà lára gbogbo wọn. Ẹni tó ń pe orúkọ ti mọ ohun tó wà nínú àpòòwé kó tó ṣí i. Bí owó bá ṣe pọ̀ tó ni kíbọ́ọ̀dù á ṣe ròkè tó. Ẹni tó bá mú ₦500,000 wá, wọ́n á dá orin rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á kì í, àlùfáà á dìde gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á gbàdúrà fún un dórí ọmọ-ọmọ. Bó bá wá kan ìyá àgbà tó di ₦200 mọ́ igun ìró, ohun tí a máa ń gbọ́ ni "gbogbo àwọn tó kù, ẹ máa bọ̀ pọ̀ kíákíá, ká lè ráyè". Màmá á tú ìró náà, á yọ owó, á tún ìró ró, á fà ẹsẹ̀ lọ síwájú. Kó tó dé ibẹ̀, wọ́n ti ń gbé igbá ọrẹ kúrò. Jákọ́bù orí 2 ti sọ tẹ́lẹ̀ nípa ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú òrùka wúrà àti ẹni tó wọ aṣọ tó ti gbó, àti ibi tí a ń fi ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni gbogbo gbé ọrẹ wá bákan náà, kí ẹ gbàdúrà kan náà lé e lórí. Ẹ kọ orúkọ àti iye sínú ìwé, kí ẹ fún oníkálukú ní rìsíìtì rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé dé orí máìkì.

Ojú kan náà yìí ni Jésù jókòó sí nínú Máàkù orí 12, ní òdìkejì àpótí ìṣúra, tó ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ owó sínú rẹ̀. Àwọn olówó sọ púpọ̀. Opó kan wá sọ owó wẹ́wẹ́ méjì. Jésù pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ti obìnrin yìí ju ti gbogbo wọn lọ. Ìyìn tó ga jù tí ẹnikẹ́ni gbà nínú tẹ́ńpìlì lọ́jọ́ náà nìyẹn, Bíbélì ò sì sọ pé obìnrin náà gbọ́. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ni Jésù sọ ọ́ fún.

Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ gbèsè, àmọ́ mi ò lè fò ó. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n lè jẹ alága ìkórè, tí owó iléèwé ọmọ á wá dúró títí di oṣù tí wọ́n bá san án tán. Ibi tí ìfẹ́ ìyìn ń gbé èèyàn dé nìyẹn. Nínú 1 Sámúẹ́lì orí 15, Ọlọ́run rán Sọ́ọ̀lù ọba níṣẹ́, kò ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, ó sì lọ ṣe ọwọ̀n ìrántí fún ara rẹ̀ ní Kámẹ́lì. Nígbà tí Sámúẹ́lì bá a wí, ó jẹ́wọ́ ní ẹsẹ 24 pé ẹ̀rù àwọn èèyàn ló bà òun. Nígbà tó di ẹsẹ 30, tí wọ́n ti sọ fún un pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ lọ́ba, ohun tó bẹ wòlíì ni pé kó ṣáà bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbà ìlú. Adé ń bọ́ lọ, bí àwọn àgbà á ṣe wo òun ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó lè wá wù yín báyìí pé kí ẹ sá kúrò nínú gbogbo ohun tí ojú èèyàn ń rí, kí ẹ máa fi owó sínú àpótí lóru, kí ẹ má kọrin mọ́, kó má bàa di pé ẹnì kan yìn yín. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwàásù kan náà tí Jésù ti ní kí a má ṣe oore kí èèyàn lè rí wa ló ti sọ ní orí 5, ẹsẹ 16, pé kí ìmọ́lẹ̀ wa mọ́lẹ̀ níwájú èèyàn, kí wọ́n rí iṣẹ́ rere wa, kí wọ́n sì yin Baba wa tí ń bẹ lọ́run lógo. Wọ́n máa rí i. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí wọ́n ń yìn nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé. Ẹni tó sá fún orin kí wọ́n má bàa yìn ín, èèyàn ló ṣì ń wò, ó kàn yí ẹ̀yìn sí wọn ni.

Ẹ bi mí pé báwo lẹ ṣe máa mọ̀. Ìbéèrè yìí ló wù mí jù láti dáhùn, torí mo ti rí àwọn onígbàgbọ́ tó mọ́kàn gan-an tí wọ́n fi í pa ara wọn lára. Wọn ò lè ṣe oore kan kí wọ́n má dá ara wọn lẹ́jọ́ ní gbogbo òru. Àwọn ará Kọ́ríńtì ń wọn Pọ́ọ̀lù wò pẹ̀lú Àpólò àti Kéfà, ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n pín sí. Ó dá wọn lóhùn nínú 1 Kọ́ríńtì orí 4, ẹsẹ 3 sí 5. Ó ní ohun kékeré ni lójú òun pé kí wọ́n ṣèdájọ́ òun. Èyí tí a kì í sábà kà ni tó tẹ̀ lé e: ó ní òun ò tiẹ̀ ṣèdájọ́ ara òun. Ọkàn òun ò dá òun lẹ́bi, síbẹ̀ ìyẹn ò sọ òun di aláre. Olúwa ni adájọ́ òun. Kí wọ́n dúró dìgbà tí Olúwa bá dé, ẹni tó máa tú ìmọ̀ ọkàn síta. Nígbà náà ni oníkálukú á gba ìyìn rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ẹ ò rí i pé Pọ́ọ̀lù gba ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì tún gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìbéèrè ọmọ yín dára, ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ohùn ìfẹ́, àmọ́ ẹ má fi ṣe pàṣán tí ẹ ó máa fi na ara yín. Ẹ ò ní lè wẹ ọkàn yín mọ́ tónítóní kí ẹ tó ra àga mìíràn. Ẹ ṣe ohun tí Ọlọ́run fi síwájú yín, ẹ fi ìdí rẹ̀ hàn án nínú àdúrà bó ṣe wà, pẹ̀lú èyí tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí nínú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú. Ẹ sì wo ibi tí Pọ́ọ̀lù parí ọ̀rọ̀ sí: ìyìn. Ọlọ́run ò ní kí ẹ pa ìfẹ́ ìyìn tó wà nínú yín. Nínú Mátíù orí 25, ohun tí ọ̀gá sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó dé ni pé o ṣeun, ìwọ ọmọ ọ̀dọ̀ rere àti olóòótọ́. Ìyìn ni ìyẹn, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti máa retí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ lè fọwọ́ ṣe lẹ fẹ́, èyí tí mo sábà máa ń ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n ní oore kan tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láé, kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe pásítọ̀. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ olórí iléèwé kan san owó ìdánwò WAEC fún ọmọ kan tí kò ní bàbá, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ yín. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ, ó máa yun yín lẹ́nu láti sọ. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ẹ dákẹ́. Ẹ máa bá Ọlọ́run nìkan sọ ọ́. Ẹ ó rí i pé ìsìn tí ẹ ń ṣe ní gbangba náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ lọ́rùn yín. Àmì mìíràn tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni bí inú èèyàn ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ń yin ẹlòmíràn fún irú iṣẹ́ tí òun náà ń ṣe.

Ìyìn èèyàn kì í sì í pẹ́. Ní Lísírà, nínú Ìṣe orí 14, wọ́n pe Bánábà àti Pọ́ọ̀lù ní òrìṣà, wọ́n mú akọ màlúù àti òdòdó wá láti bọ wọ́n. Àwọn kan dé láti Áńtíókù àti Íkóníónì, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, ìlú kan náà sì sọ Pọ́ọ̀lù lókùúta, wọ́n wọ́ ọ síta bí òkú. Nígbà tó dìde, ó tún wọ ìlú náà lọ. Kò fi ti òdòdó wọlé, kò fi ti òkúta jáde. Nílé wa níhìn-ín, ní Òkè-Ooye, àwọn àgbà ò tíì gbàgbé ọdún 1930, nígbà tí èrò ń wọ́ tìrítìrí wá sọ́dọ̀ wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì kí ìpè Ọlọ́run tó bá a ní 1928. Kò sí ìyìn tí wọn ò yìn ín. Ní 1932, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Nígbà tó jáde, ìwàásù kan náà àti àdúrà kan náà ló tún gbá mú, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi sùn ní 1959. Bó bá jẹ́ pé èrò 1930 ló ń gbé e dúró ni, ẹ̀wọ̀n 1932 ì bá ti gbé e lulẹ̀.

Ó ku ti pásítọ̀. Ẹ má lọ ní kí wọ́n tún un kéde. Àmọ́ ẹ má dákẹ́ pátápátá náà. Nínú 2 Kọ́ríńtì orí 8, ẹsẹ 20 àti 21, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó ọrẹ àwọn ìjọ lọ, ó ní òun ń rò ohun tó tọ́ níwájú Olúwa àti níwájú èèyàn pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ ìjọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní torí Ọlọ́run mọ ọkàn òun, ìwé ìṣirò lè wà bó bá ṣe wà, ẹ má gbà fún un. Ibẹ̀ ni owó ìjọ ti ń sọnù. Ẹ lọ bá akọ̀wé ní ìdákọ́ńkọ́, ẹ fi rìsíìtì ibi tí ẹ ti ra àga hàn án, kó tún ìwé ṣe. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ ìkéde. Bó bá sì fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó bẹ̀ yín, ẹ dárí jì í tọkàntọkàn.

Obìnrin tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà, ẹ má gbé e sọ́kàn pé ó jí nǹkan yín. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti mú nǹkan mìíràn wá, kó rò pé ìyẹn ni wọ́n ń wí. Nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ èèyàn níwájú ìjọ, tí ìlù ti sọ, tí gbogbo ojú ti yí síni, ẹni mélòó ló lè dúró ní èmi kọ́? Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí i, kí ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ àga sílẹ̀.

Ọjọ́ tí ìdánrawò bá tún wáyé, ẹ lọ. Bí wọ́n bá bi yín pé níbo lẹ lọ láti ọjọ́ yìí, ẹ ní ara yín ò balẹ̀ ni, ó sì ti balẹ̀ báyìí. Kí ẹ sì bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe ìṣirò ìparí ọdún, kó má bàa di pé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí ìwé náà.